Bẹ́líìtì Lórí Egungun: Bí A Ṣe Ń De Àgbà àti Ọmọdé Mọ́ Àga Ọkọ̀

Bí ẹ bá dúró sí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé, kò ní pẹ́ tí Micra kan á fi kọjá: èrò méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan lórí itan ìyá rẹ̀ níwájú níbẹ̀. Dẹ́rẹ́bà nìkan ló de bẹ́líìtì, abẹ́ apá ló sì fi gbà á kọjá kó má baà máa ha á lọ́rùn. Bí ọkọ̀ bá sún mọ́ ibi tí àwọn Road Safety máa ń dúró sí, ẹni iwájú á fa tirẹ̀ bo àyà, á fi ọwọ́ dì í mú. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, á jọ̀wọ́ rẹ̀.

A mọ òfin, nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni iṣẹ́ tí bẹ́líìtì ń ṣe. Egungun tó le ni wọ́n ṣe é láti dì mú: egungun ìbàdí, egungun àyà, egungun èjìká. Bó bá bọ́ sórí ẹran ara, tàbí tí egungun ibẹ̀ kò tíì gbó, bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe. Ẹ di ọ̀rọ̀ egungun yìí mú, torí òun ló ṣàlàyé gbogbo ohun tó kù, títí kan ìdí tí ọmọ ọdún márùn-ún kò fi lè lo bẹ́líìtì bí àgbà.

Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì

Ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tó wá forí sọ igi: ọkọ̀ ni igi dá dúró, kò dá ẹni tó wà nínú rẹ̀ dúró. Eré 50 yẹn ni ara onítọ̀hún ṣì ń bá lọ títí nǹkan á fi gbà á, ìbáà jẹ́ sítíárín, gíláàsì iwájú tàbí ẹ̀yìn àga ẹlòmíràn. Agbára tó fi ń lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni tó já bọ́ láti ibi tó ga tó mítà mẹ́wàá. Eré ìgboro lásán sì ni 50. Lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, níbi tí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ti jọ ń lo títì kan ṣoṣo, tí tírélà sì pọ̀ níbẹ̀, eré 100 kì í ṣe tuntun. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìkọlù á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ọmọ ọdún kan sábà máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù mẹ́wàá. Nínú ìkọlù eré 50 yẹn, ó lè wúwo lọ́wọ́ ẹni tó gbé e tó ìlọ́po 25, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó ìdá mẹ́wàá. Kò sí ìyá tàbí bàbá tí apá rẹ̀ lè ká ìyẹn. Ìfẹ́ kò níṣẹ́ kankan í ṣe níbẹ̀.

Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Volvo, ló ṣe bẹ́líìtì olójú mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ wa lónìí. Ọdún 1959 ni, Volvo sì gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù máa lò ó. Ojú kan wà ní èjìká, méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, kí agbára ìkọlù lè pín káàkiri egungun tó lè gbà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ewu ikú ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kù dé ìdajì. Airbag, àpò tó máa ń wú jáde lójijì nígbà ìkọlù, kò rọ́pò rẹ̀ o. Ẹni tó de bẹ́líìtì ni wọ́n ṣe airbag fún. Ẹni tí kò dè é á ti fò síwájú kí airbag tó wú tán, yóò sì bá a pàdé bó ṣe ń bú jáde.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ bẹ́líìtì wò

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, bí ọkọ̀ sì ṣe dàgbà ni bẹ́líìtì rẹ̀ dàgbà. Ẹ fà á jáde dé òpin, kí ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ń yọ òwú, bó bá ní ojú gígé tàbí ojú iná, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ kó padà: fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ká wọlé. Wàyí o, ẹ já a gbà lójijì, ó gbọ́dọ̀ dúró gbagidi. Bó bá ń tẹ̀lé ọwọ́ yín jáde, mẹkáníìkì ló kàn. Ẹ ki irin ẹnu rẹ̀ bọ inú ilé rẹ̀, ẹ gbọ́ kó dún, ẹ fà á tagbáratagbára. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì pupa, kó bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bẹ́líìtì tó ti gba ìjàǹbá ńlá kan kò yẹ fún òmíràn. Òwú rẹ̀ ti nà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, ẹ̀tù kékeré kan tó máa ń fa bẹ́líìtì mọ́ ara nígbà ìkọlù á ti jó tán. Ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ gbọ́dọ̀ wo iná SRS tàbí airbag tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, ó yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì kú. Bó bá tàn tí kò kú, àìsàn wà níbẹ̀. Bí kò bá wá tàn rárá, ẹ fura sí ẹni tó ń tà á, torí ẹnìkan lè ti yọ gílóòbù rẹ̀.

Ẹ má gbé bẹ́líìtì tó já lọ fún ṣúmẹ́kà kó bá yín rán an. Òwú bàtà kò lè gba ohun tí bẹ́líìtì ń gbà.

Lẹ́yìn ọkọ̀, wàhálà ibẹ̀ yàtọ̀. Ilé bẹ́líìtì sábà máa ń há sábẹ́ aṣọ àga tí wọ́n rán bò ó, tàbí kó ti wọlé sáàárín ibi ìjókòó àti ẹ̀yìn àga. Ẹ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ẹ fà á jáde. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti rán aṣọ bò ó, kí onítọ̀hún tó rán an wá gé ojú ihò fún un. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Irin kan tún wà tí wọ́n ń tà, tí àwọn kan ń kì bọ ilé bẹ́líìtì kí ọkọ̀ lè dẹ́kun ariwo tó fi ń rán wọn létí bẹ́líìtì. Ẹni tó ń tà á ń wá owó. Ẹni tó ń rà á ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi.

Bí àgbà ṣe ń dè é

1. Ẹ gbé ẹ̀yìn àga nàró, kí ìdí yín kan ẹ̀yìn àga pátápátá. Ẹni tó sùn gbalaja níwájú ọkọ̀, abẹ́ bẹ́líìtì ni ara rẹ̀ máa yọ́ gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.
2. Ẹ fa apá ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì wá sílẹ̀ kó kan òkè itan, kó jókòó lórí egungun ìbàdí ní ọ̀tún àti lósì. Inú ikùn kò ní egungun tó máa gbà á. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló wà níbẹ̀.
3. Kí apá òkè gba àárín èjìká kọjá, láàárín ọrùn àti ìkángun apá, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí egungun àyà. Bó bá ń ha yín lọ́rùn, ẹ wò ó bóyá ibi tó gbé wà lára òpó ọkọ̀ ṣeé gbé sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, níwájú, ó ṣeé ṣe. Ẹ má gbà á sábẹ́ apá láéláé. Ìhà tó wà níbẹ̀ rọrùn láti ṣẹ́, ẹ̀dọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.
4. Ẹ fà á lókè kó fún mọ́ ara, kí ẹ sì rí i pé kò lọ́. Bẹ́líìtì tó lọ́ ti di okùn tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ wa nílò àlàyé tirẹ̀, torí kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Bàbá tó wọ agbádá lọ síbi ìgbéyàwó ní Ìlọrin ní Sátidé máa ń fa bẹ́líìtì lé agbádá, bùbá àti gbogbo aṣọ tó kó jọ síwájú ikùn. Ó dè é lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkìtì aṣọ ló dè. Ní ọjọ́ ìkọlù, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ rìn la gbogbo aṣọ yẹn já kí bẹ́líìtì tó rí egungun dì mú. Ẹ ká apá agbádá sí èjìká, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, kí bẹ́líìtì gba abẹ́ rẹ̀ lórí ṣòkòtò. Bí ẹ bá dè é tán, ẹ da agbádá bò ó. Ìyá tó ró aṣọ òkè tó nípọn náà á ṣe bẹ́ẹ̀: kí kókó ìró má bọ́ sábẹ́ bẹ́líìtì. Gèlè tó ga tó ń ti orí síwájú, ẹ ṣí i sórí ẹsẹ̀, kí ẹ wé e níbi òde. Kò sẹ́ni tó ń wo yín lójú ọ̀nà Oko Olówó.

Aboyún ní láti dè é láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ á wà lábẹ́ oyún, lórí egungun ìbàdí, kì í ṣe lórí oyún. Apá òkè á gba àárín ọmú méjèèjì, á sì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Bó bá jẹ́ òun ló ń wa ọkọ̀, kó sún àga sẹ́yìn débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tó tọ́tù àti bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kékeré ni o, kó lọ sí ilé ìwòsàn kódà bí kò bá ro ó níbì kankan, nítorí ibi ọmọ lè ti ṣí.

Ẹni tó wà lẹ́yìn ńkọ́? Ẹ̀yìn àga ẹni iwájú ni ẹni ẹ̀yìn tí kò de bẹ́líìtì máa ń fi gbogbo ara kọlù. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó síwájú tí ẹ ti dè é dáadáa, ẹ yíjú padà kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ara yín lẹ ń béèrè fún.

Ọmọ lórí ẹsẹ̀, ọmọ lẹ́yìn ìyá

Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì burú. Èkíní, gbígbé ọmọ lórí ẹsẹ̀: a ti ṣírò ìyẹn tán. Èkejì, kí ìyá fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká. Ọmọ ló wà láàárín bẹ́líìtì àti àgbà, gbogbo ìwúwo ìyá á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bẹ́líìtì náà. Ẹ̀kẹta ni pípọ̀n. Ìyá tó pọn ọmọ wọ ọkọ̀ kò lè fẹ̀yìn ti àga. Etí àga ló ń jókòó sí, bẹ́líìtì kò sì ní jókòó síbi tó yẹ lára rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá a lẹ́yìn, ọmọ ni yóò kọ́kọ́ bá àga pàdé. Ẹ sọ ọmọ kalẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ohun tó yẹ ọmọ ni àga tirẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ni àga náà ń yípadà, ìwọ̀n àti gíga rẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju ọjọ́ orí lọ.

Ìkókó á kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Orí ìkókó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, egungun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì le. Bó bá kọjú síwájú, ìkọlù á ju orí yẹn síwájú, ọrùn nìkan ló máa dì í mú. Bó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn àga á gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún àga tuntun sọ pé kò gbọ́dọ̀ kọjú síwájú kó tó pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kó wà bẹ́ẹ̀ títí tí ó fi máa kọjá ìwọ̀n tí àga náà lè gbà. Èmi fara mọ́ ti Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ká kò, tó ń kan ẹ̀yìn àga, kò dà á láàmú. Àwa àgbà ló ń dà láàmú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àga tó kọjú síwájú, tó ní okùn márùn-ún: méjì lórí èjìká, méjì ní ìbàdí, ọ̀kan láàárín ẹsẹ̀. Ọmọ á wà nínú rẹ̀ dé kìlógíráàmù 18 ó kéré tán, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Àwọn àga kan ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọjá ìyẹn, ó kan bústà, àga kékeré tó ń gbé ọmọ ga kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè jókòó síbi tó yẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń já ọmọ jù sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti dàgbà. Egungun ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́fà kò tíì yọ bíi ti àgbà. Bẹ́líìtì á yọ̀ gòkè lọ sórí ikùn rẹ̀, apá òkè á sì kan ọrùn. Ọmọ náà, nítorí pé ó ń dùn ún, á gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀. Bústà ló ń wo gbogbo ìyẹn sàn.

Ìgbà wo ló ń kúrò lórí bústà? Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí àga ọkọ̀ lásán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ẹ̀yìn àga. Ṣé orúnkún rẹ̀ ká sílẹ̀ ní etí àga? Ṣé bẹ́líìtì kan òkè itan rẹ̀? Ṣé ó gba àárín èjìká? Ṣé ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn láìyọ́ sílẹ̀? Bí èyíkéyìí bá jẹ́ rárá, kò tíì tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í tó o kí wọ́n tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 135 sí 150, ìyẹn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Kí ẹ sì má fi ìrọ̀rí dípò bústà. Ìrọ̀rí á rì, á sì yọ̀ lábẹ́ ọmọ.

Ríra àga ọmọ

Tuntun dára jù, ṣùgbọ́n òkìríkà àti tòkunbọ̀ ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa tó, ó sì ṣeé rà bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wò. Ẹ yí i dojú dé. Lábẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìwé kan gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn: ti Yúróòpù máa ń ní lẹ́tà E nínú róbótó pẹ̀lú R44 tàbí R129, ti Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ó bá ìlànà ààbò ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn mu. Àga tí kò ní ìwé kankan, ẹ má náwó lé e. Ìgbà tí wọ́n ṣe é àti ìgbà tó máa dópin tún máa ń wà lára rẹ̀. Ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ ń lò, torí oòrùn máa ń mú kí ike rẹ̀ gbó. Ẹ wá ibi tó sán, pàápàá lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ ka okùn rẹ̀, kí ọ̀kan má sọnù. Ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú ìjàǹbá rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń tà á lè má mọ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ fi sàn ju ti ọjà lọ.

Àga ìjẹun ọmọ àti èyí tó ń mì jọlọ tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ sùn nílé kì í ṣe àga ọkọ̀. Wọ́n jọra lójú lásán ni.

Dídè é mọ́ ọkọ̀

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló yẹ kó wà. Àga tó kọjú sẹ́yìn kò gbọ́dọ̀ wà níwájú airbag tó ń ṣiṣẹ́ rárá: bí airbag bá bú, ẹ̀yìn àga náà gan-an ló máa gbá, ibẹ̀ sì ni orí ọmọ wà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú bẹ́líìtì tí ọkọ̀ yín ní. Corolla, Camry, Sienna àti irú wọn tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọdún 1996 ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ẹ̀yìn jáde dé òpin pátápátá, kí ẹ wá jẹ́ kó padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tí ó ń dún ká-ká-ká, kò sì ní gbà kí ẹ fà á jáde mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ti ara rẹ̀ pa, àga ọmọ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe é. Micra wa ní tirẹ̀, Yúróòpù ló ti wá, kì í sábà ní èyí; àga ọmọ fúnra rẹ̀ ló máa ní ìdè tó ń há bẹ́líìtì mọ́lẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni irin kékeré méjì tó fara pamọ́ sáàárín ibi ìjókòó àti ẹ̀yìn àga, tí a ń pè ní ISOFIX tàbí LATCH; àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó jáde láti ìparí ọdún 2002 ní wọn. Bẹ́líìtì tàbí irin, ẹ mú ọ̀kan, àfi bí ìwé àga náà bá ní kí ẹ lo méjèèjì.

Ẹ gbé àga náà kalẹ̀. Ẹ wo ojú ihò tí bẹ́líìtì máa gbà kọjá: ti ìkọjú-sẹ́yìn yàtọ̀ sí ti ìkọjú-síwájú, àmì aláwọ̀ búlúù àti pupa ló sì sábà máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ ki bẹ́líìtì gba ibẹ̀, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ilé. Ẹ wá fi orúnkún tàbí ọwọ́ tẹ àga náà mọ́lẹ̀ gidi, kí ẹ sì máa fa bẹ́líìtì títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Òógùn lè jáde díẹ̀ lára yín. Ẹ di àga mú níbi tí bẹ́líìtì ti gbà á kọjá, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Bó bá ń yẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe.

Fún ìkókó, àga gbọ́dọ̀ sùn sẹ́yìn tó bí kò ṣe ní jẹ́ kí àgbọ̀n ọmọ bọ́ sí àyà, torí ọ̀nà èémí rẹ̀ lè há. Ọ̀pọ̀ àga ní ìlà tàbí omi tó ń fi ìwọ̀n yìí hàn. Fún èyí tó kọjú síwájú, bó bá ní okùn kan lókè ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ wá irin tí wọ́n ń fi kọ́ ọ lẹ́yìn àga ọkọ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù. Okùn yẹn ni kì í jẹ́ kí orí ọmọ fò jìnnà.

Dídè ọmọ sínú rẹ̀

Ìdí ọmọ kan ẹ̀yìn àga. Okùn èjìká: bó bá kọjú sẹ́yìn, kó jáde láti ibi èjìká rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, bó bá kọjú síwájú, láti èjìká tàbí lókè rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fà á, ẹ wá gbìyànjú láti fi ìka méjì ká okùn náà lórí èjìká ọmọ. Bí ẹ bá rí i ká, ó dẹ̀. Ìdè àyà, níbi tó bá wà, á wà ní ìbámu pẹ̀lú abíyá.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ má de ọmọ pẹ̀lú súwẹ́tà tó nípọn tàbí ṣọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fi wé e. Ọ̀rọ̀ agbádá bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ẹ dè é tán kí ẹ tó da aṣọ bò ó lórí okùn. Lásìkò oòrùn, irin ìdè lè jó ọmọ lára. Ẹ fi aṣọ bo àga bí ẹ bá páàkì, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin kí ẹ tó gbé e sínú. Ẹ má sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì, ìbáà ṣe pé ẹ kàn fẹ́ sáré ra búrẹ́dì.

Bí ọkọ̀ kò bá jẹ́ tiyín

Ọ̀pọ̀ wa kò ní ọkọ̀, ìmọ̀ràn tí kò bá sì dé gáréèjì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àga ìkókó tó ní ọwọ́ ìgbérù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè láìsí pèpele tí wọ́n máa ń gbé e lé nínú ọkọ̀, nítorí náà ẹ lè gbé e wọ tasí. Ó ń gba àyè ènìyàn kan. Bí ẹ bá ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ẹ san owó àyè yẹn. Kí ẹ tó sanwó ní gáréèjì, ẹ yẹ bẹ́líìtì ẹ̀yìn wò. Bí kò bá sí, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ilé bẹ́líìtì yìí."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, Road Safety ò sí lọ́nà yìí lónìí."

"Mi ò tìtorí wọn béèrè."

Ìbéèrè kúkúrú bẹ́ẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́, pàápàá bí èrò mìíràn bá dá sí i. Bí ọkọ̀ bá ń kó méjì síwájú, ẹ má jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, torí bẹ́líìtì kan kò lè de ènìyàn méjì. Ọmọ tó ti ju ọdún mẹ́ta lọ, tí kò sí bústà fún, kó jókòó lẹ́yìn lórí àyè tirẹ̀, kó de bẹ́líìtì àgbà, kí apá ìsàlẹ̀ wà lórí itan. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn púpọ̀ ju kó dúró sáàárín àga iwájú méjèèjì lọ. Ìkókó tí kò ní àga, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà gbé e tó máa dá a bò. Bí ìrìn-àjò kò bá ṣeé yẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ìyá jókòó, kó de ara rẹ̀, kí ọmọ wà lóde bẹ́líìtì náà, kó sì jẹ́ ọ̀sán gangan. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní bẹ́líìtì kankan. Láti Under G dé Tákíé nínú ìgboro, bóyá, ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ́n gbé ọmọ jáde sí ọ̀nà márosẹ̀.

Ní ti òfin, kúkúrú ni: awakọ̀ àti èrò gbọ́dọ̀ dè é. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ọdún mọ́kànlá kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC, ìyẹn àwọn Road Safety, sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ pe 122, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí FRSC fi ń gba ìpè pàjáwìrì. Bí kò bá sí iná tàbí ewu mìíràn, ẹ má fa ọmọ jáde nínú àga rẹ̀. Àga yẹn ń di ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Bí bọ́tìnnì bá há, ẹ gé okùn, nítorí náà ẹ fi abẹ tàbí sáàsì sínú àpò ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Bí ẹ bá rí ojú bẹ́líìtì tó pọ́n tàbí tó dúdú lórí ikùn ẹnikẹ́ni, ọmọ tàbí àgbà, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà, kódà bí onítọ̀hún bá ń rẹ́rìn-ín. Ìfun tó ya nínú lè má tètè fi ara hàn.

Bẹ́líìtì tó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àga ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ojú sísán lára rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e jù sí àkìtàn, ẹ gé gbogbo okùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi máríkà kọ ọ́ sára ike náà gàdàgbà pé ìjàǹbá ti bà á jẹ́, kí ẹlòmíràn má baà ṣà á níbẹ̀, kó gbé e lọ sọ́jà fún títà.